Ẹní Elétí Pupa

Wáyà náà ti bà á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí Gúnrégé tó mọ̀ pé òun kò sí lójú oorun mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbé e nílẹ̀, tó sì fi orí sọ ògiri.

"Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró lé e lórí, tó ká wáyà tó fi ń jó irin mọ́wọ́. Wẹ́dà ni, apá rẹ̀ sì le bí irin tó ń jó. "Irùngbọ̀n kún ẹnu, ìtọ̀ kún bẹ́ẹ̀dì! Dìde níbẹ̀! Mo ní kí o dìde!"

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Bí mo bá pariwo ńkọ́? Ta lo fẹ́ kó má gbọ́?" Wáyà tún balẹ̀ sí i ní itan. "Gbé fóòmù yẹn lérí. Ẹnu ọ̀nà iwájú lo máa gbà lónìí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Kí gbogbo ilé rí ẹ!"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n sáré wọlé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí fi ọdún mélòó kan ju Gúnrégé lọ, ṣùgbọ́n inú ilé ló ti bá a, nítorí náà Bọ̀dá Kékeré ló ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sì fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ọkọ mi, ó tó. Ẹ wo ẹ̀yìn Bọ̀dá Kékeré, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde."

"Kó jáde! Ẹ̀jẹ̀ sàn ju ìtọ̀ lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Gúnrégé ṣe ru fóòmù tútù jáde sí àgbàlá, níbi tí àwọn ayálégbé ti ń fọ ẹnu, tí wọ́n ń pọnmi. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Gúnrégé, òjò rọ̀ sí yàrá yín ni?" Ìtọ̀ ń kán láti etí fóòmù sí ojú rẹ̀, ó ń ta á. Ojú ń tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, á wọ̀ ọ́.

"Ẹ bá mi wò ó!" Ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń fi wáyà na afẹ́fẹ́. "Kò sí ẹni tí kì í tọ̀ọ́lé ní kékeré. Èmi náà tọ̀ ọ́ rí! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá wa fi ẹgba bẹ́ mi lára, ó parí síbẹ̀. Ẹgba ni oògùn ẹ̀!"

Lábẹ́ fóòmù, Gúnrégé la ẹnu. Ó mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ kán sí i lẹ́nu, ó sì pa á dé.

"Gbọ́ dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n wí nígbà tí fóòmù balẹ̀ sórí òkúta. "Bí ibi tí o sùn bá tutù lọ́la, n óò dì ẹ́ lókùn, n óò gbé ẹ lọ sílé bàbá tó ń de àwọn wèrè mọ́lẹ̀ lẹ́yìn odò. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà nílẹ̀. Àti omi! Láti ìsinsìnyí, omi ò gbọdọ̀ kan ọ̀nà ọ̀fun ẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá mi."

Ó mọ ilé ẹ̀yìn odò yẹn. Ó ti gbé aṣọ lílọ̀ lọ síbẹ̀ rí, ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n de ẹsẹ̀ wọn mọ́ òrùka irin nílẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ kó lè yé tọ̀, inú ìtọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí níbẹ̀.

Gúnrégé kì í ṣe orúkọ tí bàbá sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló fún un, torí bó bá lọ ṣòkòtò, ojú ìlà rẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Bí wọ́n ṣe dá òun náà nìyẹn. Bàtà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò gún régé lẹ́nu ọ̀nà kó tó lè jẹun. Ariwo irin máa ń gún un ní etí ọ̀tún, èyí tó ṣẹ́kù tó ń gbọ́rọ̀. Tòsì ti di láti kékeré. Kì í wo ènìyàn lójú. Kò sì mọ irọ́ pa. Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni o, kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Òun ló sọ fún ìyàwó onílé pé irun tuntun rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi gbá omi, nígbà tí obìnrin náà bi í pé báwo ni òun ṣe rí.

Ìtọ̀ wá ńkọ́? Ara ẹlòmíràn máa ń kanlẹ̀kùn kí ìtọ̀ tó jáde. Tirẹ̀ kì í kànlẹ̀kùn. Bó bá sùn, tàbí bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ọ̀rinrin ló máa ń sọ fún un pé ó ti ṣẹlẹ̀. Dókítà kan ti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n nígbà kan pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe agídí. Ẹ̀gbọ́n ní dókítà yẹn kò ní àbúrò.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá rẹ̀ wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì fi agbọ̀n aṣọ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Bọ̀dá mi. Mo tọ̀ọ́lé."

Ọ̀gá pòṣé. Obìnrin tó fẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ẹ má sì rò pé ojú àánú ló fi gba Gúnrégé síṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó tọ̀ sára nídìí tábìlì, ìkọ́ aṣọ ló sọ lù ú, ó ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ kejì, ó wo aṣọ tí Gúnrégé lọ̀, ó wo èyí tí òun fúnra rẹ̀ lọ̀, ó sì ránṣẹ́ pè é padà. Òun ló wá ronú ọgbọ́n kan. Lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún márùn-ún, á fi àkísà kan há àárín òkìtì aṣọ. Bí Gúnrégé bá ti kan àkísà, kó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, kó lọ tọ̀, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n o, kò gbọ̀n ọ́n o. Gúnrégé gbà. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àkísà náà jẹ́ pupa. Láti ọjọ́ yẹn, kò tọ̀ sára ní ṣọ́ọ̀bù mọ́.

"Lọ fọ ẹ̀yìn yẹn kó o tó fi ẹ̀jẹ̀ bá mi kan aṣọ oníbàárà," ni ọ̀gá wí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló bá a fọ̀ ọ́, ó sì ń bú ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀sán pọ́n. Ooru áyọ́ọ̀nù àti ooru oòrùn pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù. Gúnrégé ń lọ aṣọ, ètè rẹ̀ ń gbẹ. Ike omi rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún, kò fọwọ́ kàn án. Ó kan àkísà pupa, ó lọ, kò rí nǹkankan tọ̀. Ó padà wá. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí ọ̀gá máa gbọ́, ohun tó dún ni orí Gúnrégé lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

Ó kígbe. Ọ̀gá náà kígbe, ó fa okùn iná yọ, ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lé e lápá àti lórí. Awọ apá ti bó.

"Mu omi! Ya ẹnu, mu omi!"

Gúnrégé di ẹnu pinpin.

"Ṣé o ya wèrè ni?"

"Bọ̀dá mi ní omi ò gbọdọ̀ kan ọ̀nà ọ̀fun mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí mo bá mu ún, màá tọ̀. Bí mo bá tọ̀, wọ́n á lọ dè mí mọ́lẹ̀."

Ọ̀gá gbé ike omi náà síwájú rẹ̀.

"Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí," ó wí jẹ́jẹ́, "ta ni ọ̀gá?"

Gúnrégé rò ó. "Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Mu omi."

Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ó mu ún títí ike fi gbẹ.

"Yàrá ẹ̀yìn ṣófo," ni ọ̀gá wí bó ṣe ń fi aṣọ funfun di apá rẹ̀. "Máa bọ̀ wá sùn níbẹ̀, kó o máa bá mi ṣọ́ aṣọ. Ọ̀rá tí a fi ń di aṣọ pọ̀ nílẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sórí fóòmù. Bó bá tutù, ṣebí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ nìyí? Kí la ń fọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"N ò lè sùn níbi tí n ò mọ̀."

"Ó sàn kó o sùn nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀?"

Gúnrégé ń mì síwá sẹ́yìn. Láti ìgbà tí àwọn òbí wọn ti kú ló ti ń sùn nínú yàrá yẹn. Ó mọ bí òrùlé rẹ̀ ṣe máa ń ké bí oòrùn bá wọ̀. Ó mọ àpá tó wà lára ògiri. Yàrá tuntun ń bà á lẹ́rù ju wáyà lọ. "N ò tíì lè sọ," ló wí.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o mumi?"

"Mo mu ún. Ọ̀gá ní kí n mu ún."

Ìgbájú tí ẹ̀gbọ́n fi gbà á dún débi pé ajá onílé gbó. Kò tiẹ̀ bi í léèrè ohun tó ṣe apá rẹ̀. "A óò ríra láàárọ̀," ló wí, ó wọlé lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ó tutù. Kí Gúnrégé tó lè gbé ọwọ́ kan aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n ti wọlé tòun ti okùn. Ó yí i dojúbolẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn lórí ọgbẹ́ àná, ó ń di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Okùn gba orí ibi tó jó. Gúnrégé ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dú.

Ìyàwó dúró dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ò ní gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ pa mí ná!"

"Kúrò lọ́nà!"

"N ò kúrò!"

Ẹ̀gbọ́n tì í. Kì í ṣe títì eré. Obìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ orí gbá igi ilẹ̀kùn, ó ṣubú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lójú. Àwọn ayálégbé ti sáré dé. Bàbá Awakọ̀, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà, ló ṣíwájú wọn.

"Èèwọ̀! Ṣé o fẹ́ pa èèyàn méjì láàárọ̀ kùtùkùtù ni?"

"Bàbá, ẹ má dá sí i. Àbúrò mi ni, mo sì mọ ohun tó lè wò ó sàn." Ẹ̀gbọ́n wọ́ Gúnrégé jáde sí àgbàlá bí àpò sìmẹ́ǹtì, ó fa wáyà yọ ní ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ní èjìká. Ní orúnkún. Ní ọrùn. "Ẹ bi mí bí mo ṣe yé tọ̀ọ́lé! Ẹ̀ẹ̀kan ni bàbá wa nà mí! Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹni tí ó bá ní ìtìjú, ẹ̀ẹ̀kan ti tó o!"

"Irọ́ ni," ni Gúnrégé wí.

Kò pariwo. Ó ń wo ìṣó kan tó wà lára ògiri. Wáyà dúró.

"Kí lo wí?"

"Mo ní irọ́ ni, Bọ̀dá mi. Bàbá ò nà yín rí torí ìtọ̀. Èmi ni wọ́n ń nà. Ẹní méjì la ní. Tiyín ní etí àwọ̀ ewé, tèmi ní etí pupa. Bí tiyín bá tutù, ẹ ó fa tèmi tó gbẹ sábẹ́ ara yín, ẹ ó ti tiyín sábẹ́ mi. Bàbá kì í wo etí ẹní, ibi tó tutù ni wọ́n ń wò. N ò tíì máa sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ẹ mọ̀ pé n ò lè sọ." Ó mí. "Lọ́jọ́ tí Bàbá gbá mi létí tí etí yìí fi di, ẹní tó wà lábẹ́ mi, àwọ̀ ewé ni."

Ìyàwó, tó fi ọwọ́ di ojú ẹ̀jẹ̀, dìde jókòó.

"Orí ẹ̀ ò pé!" ni ẹ̀gbọ́n ké. "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ ṣáà mọ̀ pé orí ẹ̀ ò pé!"

"Orí rẹ̀ lè má pé," ni Bàbá Awakọ̀ dáhùn, "ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò purọ́ rí. Èmi ló là á mọ́lẹ̀ fún pé ẹnu mi ń rùn. Mo bínú, mo délé, ìyàwó mi ní òótọ́ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọmọ mi, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a."

Ẹ̀gbọ́n ju wáyà nù, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá Gúnrégé lẹ́nu. Eyín kan bọ́ sílẹ̀. "Sọ pé irọ́ lo pa!"

"N kò pa irọ́."

Ó tún gbá a. "Sọ ọ́!"

"Àwọ̀ ewé ni," ni Gúnrégé wí, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀ ni, ì bá pa á. Ọkùnrin mẹ́ta ló dì mọ́ ẹ̀gbọ́n, tó ń jà láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tó ń ta wọ́n nípàá. Lójijì, gbogbo ara rẹ̀ rọ̀. Ẹkún ló bú sí, ẹkún gidi, ikun ń dà lójú àwọn tó ń gbọ́ ìhàlẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Kò sí ẹni tó tún bi í léèrè bóyá òótọ́ ni.

Ìyàwó rákò dé ọ̀dọ̀ Gúnrégé. Ó fi eyín tú okùn náà. "Bọ̀dá Kékeré," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ máa lọ. Ibi tó bá wù kó jẹ́, ẹ máa lọ. Èmi náà á mọ èyí tí màá ṣe."

Gúnrégé wo yàrá náà láti ẹnu ọ̀nà. Ó wo àpá ara ògiri. Ó to bàtà rẹ̀ pọ̀, ó tú u ká, ó tún un tò. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó gbé fóòmù tútù lérí, kò sì sí ẹni tó ní kó gbé e. Ọ̀nà ẹ̀yìn wà níbẹ̀ tó ṣófo, ó gba iwájú. Nínú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lánàá, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tó dé. Ó wo ẹnu rẹ̀ tó wú, ó wo fóòmù, ó bú bàbá ẹnì kan tí kò dárúkọ rẹ̀.

"Yàrá ẹ̀yìn yẹn," ni Gúnrégé bi í, "ṣé òrùlé rẹ̀ máa ń ké bí oòrùn bá wọ̀?"

"Ó máa ń ké. Mo ti ní kí wọ́n wá tún un ṣe."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

"Ó dáa, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe. Gbé fóòmù yẹn sójú oòrùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Èmi ò ní rán ẹ níṣẹ́ lónìí, lọ fẹ̀yìn lélẹ̀."

"Ṣòkòtò ọkùnrin báńkì ń bẹ tí n ò tíì parí. Ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ti túúbá. Ó fi àkísà pupa há àárín aṣọ.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni Gúnrégé na fóòmù sí, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Oòrùn ń tàn sórí àmì ìtọ̀ náà, tó fẹ̀ tó atẹ. Ó ti kan àkísà pupa lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ, ó ti bọ̀, nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lódìkejì títì. Kò mú okùn dání. Kò mú wáyà. Ó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó ń wo fóòmù. Áyọ́ọ̀nù fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gúnrégé. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọkùnrin náà, ó sì fa igi tí wọ́n fi ń ro aṣọ sọ́dọ̀.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin báńkì dé, táì lọ́rùn, ó fẹ́ jókòó. Ó rí fóòmù, ó fò sẹ́yìn.

"Ẹ gbà mí! Kí lèyí?" Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn tó ń kọjá dúró. "Ìtọ̀ àgbàlagbà nìyí kẹ̀! Ta ló tọ̀ ọ́?"

Lódìkejì títì, ẹ̀gbọ́n sọ orí kọ́. Èjìká rẹ̀ méjèèjì gbé sókè, bí ọmọ tó ń retí ẹgba.

Gúnrégé wò ó. Ó yí ojú padà sí ìlà ṣòkòtò tó wà níwájú rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gún régé.

"Ti òru àná yìí," ó wí, tí gbogbo wọn gbọ́, "èmi ni." Ó ká ṣòkòtò náà, ó nà án sí oníbàárà. "Ṣòkòtò yín ti ṣetán."